Ta Ló Ká A? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdílé Tó Ń Gbin Kọfí àti Ìdílé Tó Ń Bá Wọn Ká A

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ìyá àti baba wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sá lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ yọ́ jáde kí n tó parí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba ife kọfí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ṣe ń wọlé. Ẹ máa mu ún lọ. N kò wá síbí láti ba kọfí jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu. Kọfí yíyan ni mo fi ń jẹun. Bí ẹ kò bá mu ún mọ́, èmi ni ebi máa kọ́kọ́ pa.

(Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.)

Ẹ wo àpò tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára fún yín. Orúkọ oko wà níbẹ̀. Orúkọ baba tó ni oko wà níbẹ̀, "àti ìdílé rẹ̀". Wọ́n kọ bí òkè náà ṣe ga tó, wọ́n kọ irú igi tó jẹ́, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe fọ èso rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe sá a. Wọ́n ní tí mo bá mu ún, n ó gbọ́ òórùn òdòdó, n ó gbọ́ adùn ọsàn àti ti oyin. Kí ẹ tó rò pé mo fẹ́ bú ẹnì kan, èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Àpò ilé iṣẹ́ mi ni.

Ọdún dé, ọdún lọ, mo ń tẹ irú àpò yìí jáde, inú mi sì ń dùn sí i. Àfi lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi kan, tó wá bá mi di kọfí sínú àpò nígbà ìsinmi ilé ìwé, kà á tán, tó wá bi mí pé: "Ta ló ká a?" Mo ní ìdílé tó ni oko ni. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀?" Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi wọhò.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oko kọfí ìdílé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdílé wo? Torí nígbà ìkórè, ìdílé méjì ló máa ń wà lórí oko kọfí: ìdílé tó ni igi, àti ìdílé tó wá ṣe àgbàṣe níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ la máa ń yà ní fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí igi bẹ̀rẹ̀

Kọfí tí à ń mu, hóró inú èso ni. Oríṣi méjì ló gba ọjà àgbáyé. Ọ̀kan ni Arabica, tó fẹ́ràn orí òkè tó tutù, tó jẹ́ pé inú igbó orí òkè Ethiopia ni wọ́n ti mú un jáde. Èkejì ni Robusta, tó lè gba ilẹ̀ tó móoru. Kọfí àṣàyàn, irú èyí tó wà nínú àpò mi yìí, Arabica ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá gbin igi rẹ̀ lónìí, wàá dúró bí ọdún 3 sí 4 kó tó so èso gidi fún ọ.

Nígbà tó bá wá so, kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà o. Lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, wàá rí èyí tó ti pọ́n ròrò, wàá rí èyí tó ń pọ́n bọ̀, wàá rí èyí tó ṣì tutù tó le bí òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí tó dáa gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó pọ́n, kó fi ìyókù sílẹ̀, kó tún padà wá. Ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ, lórí igi kan náà, nínú ìkórè ẹyọ kan. Bí wọ́n bá sì ká a tán, nǹkan bíi kílò 5 sí 6 èso tútù ló máa di kílò 1 hóró gbígbẹ. Tí mo bá da hóró náà sínú ẹ̀rọ ìyankọfí, ìwọ̀n rẹ̀ á tún fi bí 15 sí 20 nínú 100 dín kù. Omi ara rẹ̀ ló ń lọ.

Orúkọ tí wọ́n ń pe kọfí àṣàyàn lédè òyìnbó, specialty coffee, kò tíì pẹ́ púpọ̀. Obìnrin oníṣòwò kọfí kan ní Amẹ́ríkà, Erna Knutsen, ló gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò ní 1974. Òṣùwọ̀n tí ọjà wá fi ń yà á sọ́tọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni pé kí àwọn atọ́wò fún un ní máàkì 80 sókè nínú 100. Àwọn atọ́wò yìí, bí ẹ bá rí wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín á pa yín: ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n á fa kọfí sẹ́nu ṣùrù bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jó lẹ́nu, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á kọ máàkì. Èmi náà ń ṣe é.

Ohun tó máa ń yọ wá lẹ́nu jù ni èso tútù. Hóró tí kò gbó lórí igi, bí mo bá yan án, kì í pọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá láàárín wọn. Lẹ́nu, ó máa ń dà bí ìgbà téèyàn jẹ èèpo ẹ̀pà. Ẹyọ kan péré nínú ife kan, ó ti tó láti bà á jẹ́.

Nítorí náà, mo bi yín: níbo gan-an ni adùn kọfí àṣàyàn wà? Ṣé gíga òkè ni? Ṣé ẹ̀rọ mi tó ń dán yìí ni? Ìka ọwọ́ ẹni tó ń ká a ló wà. Òun ló ń yan èyí tó wọlé àti èyí tó dúró síta. Báwo la ṣe wá ń sanwó fún ìka ọwọ́ náà? Lórí ọ̀pọ̀ oko, bí àpótí bá ṣe kún sí tàbí bí òṣùwọ̀n bá ṣe wúwo sí la fi ń san án. Èso tútù sì ń kún àpótí bí èso pípọ́n ṣe ń kún un. A ní kó máa ṣà á, a ń sanwó fún un bí ẹni tó ń kó o.

Ohun tí ojú mi rí ní Tarrazú

Mo lọ sí agbègbè Tarrazú ní Costa Rica lásìkò ìkórè. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí kọfí wọn lókìkí jù. Èrò mi ni pé kí n wo ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, kí n tọ́ díẹ̀ wò, kí n ya fọ́tò, kí n máa bọ̀. Baálé tó gbà mí lálejò wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ̀wé sí wa pé èso tútù pọ̀ nínú kọfí wa? Gba agbọ̀n."

Wọ́n so agbọ̀n mọ́ mi níbàdí. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́ débi pé o kò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lọ́gbọọgba; ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á wà nísàlẹ̀, ìbàdí á wá máa rò ọ́. Ìrì ara ewé ti sọ apá ẹ̀wù mi di omi kí oòrùn tó yọ. Obìnrin kan wà ní ẹsẹ igi tó tẹ̀ lé tèmi, nínú aṣọ gígùn aláwọ̀ mèremère tí àwọn obìnrin ẹ̀yà Ngäbe máa ń wọ̀. Orí òkè Panama ni wọ́n ti máa ń wá, ọdọọdún ni wọ́n ń sọdá ẹnubodè tọkọtaya tọmọtọmọ, láti wá ká kọfí ní Costa Rica.

Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kì í fa èso. Á fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú un, á yí i díẹ̀, èso á já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ kejì á ti wà lórí òmíràn. Mo bi í nípasẹ̀ ògbufọ̀ pé kí ló dé tí kò kàn fà á. Ó ní tí mo bá fà á, mo máa fa ojú ibi tí ti ọdún tó ń bọ̀ fẹ́ ti yọ ya. Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe oko rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n máa pè lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń ṣọ́ ojú èso ọdún tó ń bọ̀ fún onígi.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èmi kò tíì kún àpótí méjì. Òun ti kún márùn-ún. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí n kò rò pé ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án, ń ká èyí tó wà ní ẹ̀ka ìsàlẹ̀ sínú agbọ̀n ìyá rẹ̀. A óò padà sórí ọmọ yìí.

Ìgbà tí wọ́n dé ìdí òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá mi lọ. Wọ́n ní àpótí kan tí wọ́n ń pè ní cajuela, ó ń gba lítà 20. Tó bá ti kún, wọ́n á fún ọ ní àmì kékeré kan, iye àmì tó wà lọ́wọ́ rẹ lówó rẹ. Obìnrin yìí da tirẹ̀ sínú àpótí, ó kún dé ẹnu. Alábòójútó tó dúró níbẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbì, gbì. Èso rọlẹ̀. Ó ní kó bù kún un. Obìnrin náà bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, kò sọ̀rọ̀. Ó gba àmì rẹ̀.

Ó wá kàn mí. Àlejò pàtàkì ni mí, oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn. Àpótí tèmi kò tilẹ̀ kún dé ẹnu. Kò gbá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àmì.

Ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí ló jẹ́? Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ méjì náà lọ́nà àpótí mẹ́sàn-án lójúmọ́, ẹ wá fi lọ́nà gbogbo ọjọ́ ìkórè, ẹ fi lọ́nà gbogbo ọwọ́ tó wà lórí òkè yẹn.

N kò fẹ́ ṣàbòsí o. Baálé náà kì í ṣe olówó, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló sanwó fún gbogbo èèyàn, mi ò sì gbàgbọ́ pé ó mọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń gbá àpótí. Costa Rica kì í sì í ṣe ìlú tí kò lófin. Láti 1961 ni wọ́n ti ní Òfin 2762, tó sọ bí ilé iṣẹ́ tó ń fọ kọfí ṣe gbọ́dọ̀ san owó fún àgbẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Ìjọba tún máa ń kéde iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san lórí àpótí kan fún ẹni tó ká a. Òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin kì í sí nítòsí nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbá àpótí.

A máa ń sọ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ó dáa. Obìnrin yìí ti ń lo oògùn náà láti ìdájí, ọdún lé ọdún, ìṣẹ́ kò sì lọ. Ṣé oògùn ni kò jẹ́ ni, àbí ẹni tó ń wọn oògùn ló ń dín in kù?

Ìwé ìṣirò tó gbàgbé ìyàwó

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí ìdílé tó ni igi. Ẹ má ṣe rò pé òun ló ń jẹ gbogbo èrè o. Àwọn tó ka oko kọfí lágbàáyé ní ó tó mílíọ̀nù 12.5, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì tó hẹ́kítà 5. Oko ìdílé ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, o lè dúró lórí òkúta kan kí o ríran dé ààlà rẹ̀.

Ní Huila, ní gúúsù Colombia, mo sùn nílé tọkọtaya kan. Colombia wà lára àwọn ibi tí àgbẹ̀ kọfí ti rí ẹ̀yìn gbé ara lé. Láti 1927 ni àwọn àgbẹ̀ ti ní àjọ tiwọn, ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìdílé, ìyẹn 500,000, tó ń gbin kọfí níbẹ̀, àjọ náà á sì ra tí àgbẹ̀ bá gbé tirẹ̀ wá, ní iye tí wọ́n ti kéde lójúmọ́ náà. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti fi àgbẹ̀ sílẹ̀ fún alágbàtà nìkan.

Lálẹ́, baálé gbé ìwé ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ jáde, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣírò fún mi. Owó ajílẹ̀. Owó oògùn kòkòrò. Owó ọkọ̀ tó gbé kọfí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Owó àwọn alágbàṣe. Ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó tà, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: èrè wà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n èrè wà.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́. Ó ní, "Kọ tèmi sí i."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó gba bírò. Aago mẹ́ta òru ló ń jí nígbà ìkórè, torí òun ló ń dáná fún gbogbo àwọn alágbàṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí wọ́n bá lọ sóko tán, òun ló ń yí kọfí tí wọ́n sá, tí òjò bá ṣú, òun ló ń sáré bò ó. Lálẹ́, òun àti àwọn ọmọ ló ń jókòó ti tábìlì láti ṣa hóró tó bàjẹ́ kúrò. Ó fi iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe kan lójúmọ́ ṣírò tirẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó yí ìwé náà sí ọkọ rẹ̀.

Èrè ti pòórá. Gbèsè ló kù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ọkùnrin yẹn ń pè ní èrè láti ọdún yìí wá, owó iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ tí kò san ni. Mi ò sọ èyí láti bú u. Inú ìwé tirẹ̀ gan-an ló ti hàn. Ìwé tèmi náà kò yàtọ̀. Iye tí mo fi ra kọfí náà, orí ìṣirò tó gbàgbé obìnrin yẹn ni mo gbé e kà, tí mo wá ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo sanwó tó tọ́.

Ní Rwanda, lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun tó ṣẹlẹ̀ ní 1994, opó pọ̀ lára àwọn tó kù sídìí igi kọfí. Ní Maraba, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní 1999, tiwọn sì wá di kọfí tí òkè òkun ń wá kiri. Nígbà tó di 2008, Rwanda ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbàlejò Cup of Excellence, ìdíje tí wọ́n ti ń yan kọfí tó dáa jù. Mo mẹ́nu bà á torí nǹkan kan ṣoṣo: àwọn opó yẹn, orúkọ tiwọn fúnra wọn ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ibi tí orúkọ bá wà, ibẹ̀ lowó ń mọ̀ láti lọ.

Ta ló ń dá iye lé e?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Mo máa gbìyànjú kó má sú yín.

Kì í ṣe ẹni tó gbin kọfí ló ń dá iye lé e. Ọjà kan wà ní New York tí wọ́n ti ń ra kọfí Arabica tí wọn kò tíì ká, tí wọ́n sì ń tà á láìfojú kàn án. Ibẹ̀ ni iye ti ń jáde, sẹ́ǹtì mélòó lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí kò tó ìdajì kílò. Tí òtútù bá pa igi ní Brazil, àgbẹ̀ Uganda á gbọ́ ọ lára. Bí ó ṣe rí ní 1975 nìyẹn: òtútù run oko kọfí ìpínlẹ̀ Paraná lóṣù keje, nígbà tó fi máa di 1977 iye kọfí ti ju dọ́là 3 lọ.

Ìgbà kan wà tí wọ́n fi okùn so ọjà náà. Ní 1962, ìlú tó ń tà àti ìlú tó ń rà fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n pín iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan lè gbé jáde. Okùn náà já ní oṣù keje 1989. Nígbà tó di 2001, ìwọ̀n pọ́n-ùn kan kò tó 50 sẹ́ǹtì mọ́. Owó tí àgbẹ̀ ná sórí rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn kan ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà fi èso sílẹ̀ lórí igi kó jẹrà, torí owó àtiká a kò lè padà wọlé. Ẹni tí kò sì ní igi, tó jẹ́ pé kíká ló ń ká, ibo ló fẹ́ gbà? Kò sẹ́ni tó kọ tirẹ̀ sínú ìwé àdánù.

Ní oṣù kejì 2025, ó kọjá dọ́là 4. Ó ga ju ti 1977 lọ. Àwọn kan jó, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta tirẹ̀ fún alágbàtà kí owó tó gòkè, ariwo ọjà nìkan ló gbọ́.

Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe gbé àmì òwò ẹ̀tọ́, èyí tí à ń pè ní Fairtrade lónìí, jáde. 1988 ló bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands, pẹ̀lú kọfí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ UCIRI ní Oaxaca, ilẹ̀ Mexico. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké yẹn rìn pọ̀, wọ́n sì rí ẹni bá wọn rìn. Lónìí, àmì Fairtrade ní iye tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù ú lọ: fún Arabica tí wọ́n fọ̀, dọ́là 1.40 lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 1.80 ní oṣù kẹjọ 2023. Wọ́n tún ń fi 20 sẹ́ǹtì kún un fún ẹgbẹ́ láti fi ṣe ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Mo fara mọ́ ọn, mo ń ra irú rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wó, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á mọ̀ pé òrùlé wà.

Àmọ́ ta ló wà lábẹ́ òrùlé náà? Àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní SOAS, ti Yunifásítì London, gbé ìwádìí kan jáde lórí Ethiopia àti Uganda. Dípò àgbẹ̀, àwọn tó ń gba owó ọ̀yà ni wọ́n lọ bá. Wọ́n rí i pé níbi tí ẹgbẹ́ Fairtrade wà, owó tí alágbàṣe ń gbà kò dára ju ti ibòmíràn lọ. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó ni àmì náà kò gba gbogbo rẹ̀. Èmi ní tèmi, nígbà tí mo kà á, ẹsẹ̀ tó gbá àpótí ló sọ sí mi lọ́kàn. Owó tó gòkè fún onígi kì í fúnra rẹ̀ rìn dé ọwọ́ ẹni tó ká a. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fura sí ohun kan. Bí irú èmi bá ń yangàn pé a san dọ́là báyìí báyìí, ẹ bi wá pé: níbo? Iye etíkun, níbi tí wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀ òkun, kì í ṣe iye ẹnu ọ̀nà oko. Láàárín méjèèjì, ẹni tó fọ̀ ọ́ ti yọ tirẹ̀, ẹni tó gbé e ti yọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ ti yọ gbèsè.

Ìwọ̀fà ayé òde òní

Brazil ló ń gbin kọfí jù lágbàáyé. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888 ni wọ́n fòpin sí fífi èèyàn ṣe ẹrú níbẹ̀, nígbà tí oko kọfí ti mu òógùn ẹrú yó. Ṣùgbọ́n títí di òní, òfin ìwà ọ̀daràn wọn, abala 149, ṣì ní láti máa dènà ohun tó jọ ọ́. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Wọ́n á lọ kó èèyàn ní agbègbè tí iṣẹ́ ti wọ́n. Owó bọ́ọ̀sì tó gbé e wá, gbèsè. Oúnjẹ tó jẹ lóko, gbèsè. Ìbọ̀wọ́ tó wọ̀, gbèsè. Tó bá ká kọfí tán, gbèsè ṣì kù, kò sì lè lọ. Èdè wa kò nílò orúkọ tuntun fún un. Ìwọ̀fà ni. Àmọ́ ìwọ̀fà mọ̀ pé òun ń sìn. Èyí rò pé iṣẹ́ lòun wá ṣe.

Láti 1995 ni ìjọba Brazil ti ní àwọn ọlọ́pàá àti olùbẹ̀wò tó ń já wọ oko láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ń tẹ orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí. Wọ́n ti rí oko kọfí nínú rẹ̀, títí kan èyí tó ti gba àmì ẹ̀rí pé òun ń ṣe dáadáa. Àwọn kan máa ń wá sọ fún mi pé, "Brazil burú." Mo máa ń ní, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó tan iná sí yàrá ló rí eku. Ibi tí kò sẹ́ni tó tan iná ńkọ́?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lọ. Àdéhùn àgbáyé wà: àdéhùn 138 ti 1973 lórí ọjọ́ orí tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti 182 ti 1999 lórí iṣẹ́ tó burú jù fún ọmọdé, èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ILO, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti fọwọ́ sí láti 2020. Mo ti rí oníbàárà tó rí fọ́tò ọmọdé lóko, tó sì ní a kò gbọ́dọ̀ rà níbẹ̀ mọ́. Bíbẹ́ orí kọ́ loògùn orí fífọ́. Bí a kò bá rà níbẹ̀ mọ́, ṣé ilé ìwé ni ọmọ náà máa lọ ní ọjọ́ kejì? Ìyá rẹ̀ kò ní ẹni tó máa fi í sí lọ́wọ́, àpótí kan tí ọmọ bá fi kún ti ìyá sì ni owó oúnjẹ alẹ́. Ní Costa Rica, wọ́n ti dá àwọn ilé kan sílẹ̀ ní agbègbè ìkórè tí wọ́n ń pè ní Casas de la Alegría, Ilé Ayọ̀, tí àwọn tó wá ká kọfí lè fi ọmọ wọn sí kó jẹun, kó ṣeré, kó kàwé títí ìyá máa fi dé. Mo wọ ọ̀kan. Àwọn ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri jẹ́ ti èdè Ngäbe àti ti Spanish. Ọmọ kan sùn lọ sórí ẹní, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀. Ìyẹn jọ ìdáhùn lójú mi ju pé kí n fagi lé oko kan lọ.

Ohun tí mo ń bèèrè báyìí

Mo ti fẹ́ parí. Alága ti ń wo aago, mo rí yín, sà.

Lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn, mo kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta tí mo ń ra kọfí lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè ọmọ àbúrò mi ni mo kọ: ta ló ká a, báwo lẹ sì ṣe san án? Ẹni àkọ́kọ́ kò dáhùn. A kì í rajà lọ́wọ́ ara wa mọ́. Ẹni kejì fi ìwé olójú ewé 12 ránṣẹ́, ó ní àwọ̀ mèremère, àwòrán ọwọ́ tó di èso mú wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀. Kò sí iye kankan nínú rẹ̀. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀.

Ẹni kẹta jẹ́ ìdílé kékeré kan. Wọ́n ní àwọn ti fi òṣùwọ̀n àpótí sílẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣa èso àṣàyàn. Iye ọjọ́ kan ni wọ́n ń san, wọ́n sì ń fi owó kún un fún ẹni tí èso tútù kò bá pọ̀ nínú tirẹ̀. Àwọn ọjọ́ yòókù, àpótí ni. Kí n tún lè gbà á gbọ́, wọ́n ya ojú ìwé kan nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n fi ránṣẹ́. Òun nìyí. Mo ti fi bébà bo orúkọ wọn, ẹ má bínú, wọn kò ní kí n kà á fún yín.

Ẹ wo ọwọ́ òsì: orúkọ èèyàn, ọ̀kan ọ̀kan. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún: iye àpótí. 8. 6. 9. Ẹ wá wo èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kẹrin, bírò tó fi kọ ọ́ ti fẹ́ gbẹ, ó ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: 7 àti ààbọ̀. Ààbọ̀! Ẹnì kan dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wo àpótí tí kò kún, kò ní kó lọ wá ìyókù, kò gbá a, ó sì rántí kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ gbà, ẹ gbé e yí ká. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn náà á rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yín kúrò nítòsí rẹ̀, òun nìkan ni mo ní.